Jẹjẹrẹ tó ń tẹ̀ lé ìran: ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò, báwo ni a ó sì ṣe sọ ọ́ fún ẹbí?

Ìyá Àṣẹ̀rò

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí, àdúgbò Àṣẹ̀rò ní Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, mo sì ti lé ní ogójì ọdún. Jẹjẹrẹ ọyàn ni ó pa ìyá tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ti ṣáájú wọn lọ. Inú ẹ̀gbọ́n wọn yìí ni ó ń wú títí tí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sì sí ẹni tó dárúkọ àìsàn náà nínú ilé títí di òní. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin, tí kò tíì pé ogójì ọdún, rí kókó kan nínú ọyàn rẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ni. Nígbà tí dókítà gbọ́ ìtàn ìyá wa, ó ní kí ó ṣe àyẹ̀wò jíìnì, ìyẹn ohun tín-ín-tín inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Èsì ti dé báyìí: àyípadà tó léwu wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní BRCA1.

Àbúrò mi ń gba ìtọ́jú, a sì ń dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ àwa yòókù ni kò jẹ́ kí n sùn mọ́. Èmi fúnra mi kò tíì ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méjìlélógún, ìdílé kan sì ti ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà ní Ifọ̀ àti ní Èkó, wọn kò mọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ti kìlọ̀ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde, kí ayé má baà máa sọ pé ìdílé wa ní àrùn, kí àwọn ọmọbìnrin wa má baà jókòó sílé láìlọ́kọ. N kò fẹ́ ṣe àìgbọràn sí àgbà, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ títí àìsàn yóò fi tún mú ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ti kàn rí, kí ó gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Àdátán

Ìyá Àṣẹ̀rò, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run yóò fún àbúrò yín ní àlàáfíà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún mi. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó fi bá àgbà sọ̀rọ̀.

Gbogbo ènìyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó ní BRCA1 àti BRCA2. Iṣẹ́ wọn ni láti tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe nínú DNA, ohun àjogúnbá tó wà nínú ara wa. A gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ìyá, a gba ìkejì lọ́wọ́ bàbá. Ẹni tí wọ́n bá bí pẹ̀lú ẹ̀dà kan tó ti bàjẹ́, ẹ̀dà kejì ni ó ń dá ṣiṣẹ́ fún un. Bí èyí náà bá wá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan lára ọyàn tàbí ilé ẹyin, sẹ́ẹ̀lì náà lè di jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1990 ni Mary-Claire King, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi ibi tí BRCA1 wà hàn, lẹ́yìn tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa àwọn ìdílé tí jẹjẹrẹ ọyàn ń pa ìyá tó sì ń pa ọmọ. Nítorí pé àwọn ìdílé yẹn gbà láti sọ ìtàn òkú wọn ni ìmọ̀ yìí fi jáde. Ẹ jẹ́ kí bàbá yín gbọ́ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ jíìnì kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbí kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé jínótáìpù wọn, gbogbo wa sì mọ ìdí tí a fi ń bẹ̀rù kí AS fẹ́ AS. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ọmọ tó di SS, ó gbọ́dọ̀ gba S lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, ṣùgbọ́n ní ti BRCA, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ti tó láti gbé ewu sókè. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ní i bá bí, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin, ìdajì-ìdajì ni: ó lè gbà á, ó sì lè má gbà á. Ẹni tó sì gbà á kò tíì ní jẹjẹrẹ. Ewu ni ó gbà. Ewu náà kò kéré: nínú 100 obìnrin tó ní irú àyípadà yìí nínú BRCA1, ó lé ní 60 tí jẹjẹrẹ ọyàn lè mú ní ìgbésí ayé wọn, nígbà tó jẹ́ pé bí 13 nínú 100 ni ti àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lápapọ̀. Ti ilé ẹyin wà láàárín 39 àti 58 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ó fi díẹ̀ lé ní 1 péré lára àwọn obìnrin yòókù. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín tí inú wọn ń wú yẹn, ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó jẹ́ ti ilé ẹyin, nítorí omi tó ń kún inú jẹ́ ọ̀kan nínú àmì rẹ̀ tó sábà máa ń pẹ́ kí ó tó hàn.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé èsì àbúrò yín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò ní, èyí ni pé ẹni tí àìsàn mú ni ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. A ti mọ ibi pàtó tí àyípadà náà wà, nítorí náà ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ní láti wò nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ yín, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín sí ti ẹni tí wọ́n ní láti wo gbogbo jíìnì rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i lára yín, ewu yín kò ju ti obìnrin mìíràn lọ, àwọn ọmọ yín kò sì lè gbà á lọ́dọ̀ yín. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, bí ó bá yẹ. Kí ẹ tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, ẹ rí i dájú pé ẹnì kan jókòó tì yín, ó sì ṣàlàyé ohun tí ẹ ó ṣe bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àti ohun tí ẹ ó ṣe bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọkùnrin ni mí, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti gba BRCA2. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìbéèrè nílé ìwòsàn, ìdílé ìyá nìkan ni wọ́n máa ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àbúrò bàbá wa obìnrin méjì ni jẹjẹrẹ ọyàn mú, tí bàbá fúnra wọn sì ní ti pírósítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ìyá Àṣẹ̀rò, bí ẹ bá ń pe ẹbí jọ, ẹ má yọ àwọn ọkùnrin sílẹ̀. Ọkùnrin tó ní i lè fún ọmọ rẹ̀ obìnrin láìjẹ́ pé òun ṣàìsàn rí. Ara tirẹ̀ náà kò sì bọ́ nínú ewu: ní ti BRCA2, bí 2 sí 7 nínú 100 ọkùnrin ni jẹjẹrẹ ọyàn lè mú kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún, ti pírósítéètì sì máa ń wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń le. Láti ọmọ 40 ọdún ni wọ́n ti ní kí n máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, tí a fi ń ṣọ́ pírósítéètì, lọ́dọọdún, mo sì ń ṣe é. Ọkùnrin tó bá rí kókó lábẹ́ orí ọyàn kí ó má tijú, kí ó lọ fi han dókítà.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Arábìnrin mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín, ọkàn mi sì fà sí yín, nítorí BRCA1 ni èmi náà ní. Jẹjẹrẹ kò mú mi. Mo ń bá ewu náà gbé ni, èyí ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ tí èsì bá dé, ìgbésí ayé ń bá a lọ.

Ètò tí dókítà fún mi ni pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ yẹ ọyàn mi wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí n máa ṣe MRI ọyàn, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ olóòfà ń yà, lọ́dọọdún, kí n sì máa ya fọ́tò ọyàn tí a ń pè ní mámógíráàmù. Fún ẹni tó bá tètè mọ̀, láti ọmọ 25 ọdún ni MRI ti ń bẹ̀rẹ̀, mámógíráàmù sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 30. Owó rẹ̀ ń dun ènìyàn, ìrìn àjò sì wà níbẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo lè ṣe láìkúrò ní Abẹ́òkúta. Mo ń dá àjọ sí i. Àjọ tí mo ń dá fún àyẹ̀wò ọdọọdún kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án nílé wa, kì báà jẹ́ fún owó ilé ìwé. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́, ara mi kì í balẹ̀; mo ti bá ọkọ mi ṣe àdéhùn pé kí ó máa bá mi lọ, kí ó sì jókòó títí wọn yóò fi sọ èsì.

Ní ti ilé ẹyin, ẹ fi ọkàn gbọ́ eléyìí. Kò tíì sí àyẹ̀wò tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó lè tètè rí jẹjẹrẹ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ẹ̀rọ ayàwòrán inú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gba ẹni tó ní BRCA1 níyànjú pé, bí ó bá ti bí iye ọmọ tó fẹ́ tán, kí wọ́n yọ ilé ẹyin àti ọ̀nà tí ẹyin ń gbà fún un láàárín ọmọ 35 sí 40 ọdún; fún ẹni tó ní BRCA2, ó lè dúró títí di 40 sí 45. Ó máa ń dín ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin kù ní nǹkan bí 80 nínú 100. Mo ṣe é. Nǹkan oṣù mi dúró lójijì, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lóru, mo sì ní láti máa tọ́jú eegun mi. Àwọn kan nínú ẹbí ọkọ mi ní mo ti sọ ara mi di ọkùnrin. Ìyá ọkọ mi ni ó bá wọn wí, ó ní òun fẹ́ kí ìyá àwọn ìbejì òun wà láàyè ju kí ó máa ṣe nǹkan oṣù lọ. Ọyàn mi ni n kò tíì gbà kí wọ́n yọ. Mo mọ̀ pé yíyọ méjèèjì máa ń dín ewu kù ní ó kéré tán 90 nínú 100, mo mọ ẹni tó ṣe é tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, ṣùgbọ́n mímáa ṣọ́ ọ ni mo yàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán yín lójú, ẹ̀yin ni ẹ ó gbé ara yín lọ.

Ohun kan tún wà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ènìyàn máa ń ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”, “kò ní jẹ́ tìrẹ”, wọ́n á sì ti dí mi lẹ́nu. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ ọ tán, tó wá bèèrè pé, “Kí ni dókítà ní kí o ṣe tẹ̀ lé e?” Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan mọ́ra.

Bàbá Òkè-Ìjeùn

Ọmọ mi, mo kí ọ. Èmi ni àgbà ní agbo ilé tiwa, mo sì ti bá wọn ṣe ìpàdé ẹbí tó pọ̀. Ìbẹ̀rù bàbá yín ní ìdí. Bí àlárinà bá ń ṣe ìwádìí ìdílé láyé wa, wọn a máa bèèrè wárápá, wọn a máa bèèrè ẹ̀tẹ̀ àti wèrè, mo sì mọ ìgbéyàwó tó dàrú lórí rẹ̀. Nítorí náà má ṣe dé ìpàdé kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀rọ̀ náà mọ́ bàbá yẹn lójú láàárín àwọn ọmọdé. Mú ẹnì kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún dání, kí ẹ lọ bá wọn nílé nígbà tí ara wọn bá balẹ̀. Kúnlẹ̀, kí o sì fi orúkọ àwọn tó ti kú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ. Rán wọn létí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n bóyá wọn yóò fẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà ní Ifọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ìdílé tàbí kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà nígbà tí kò bá sí nǹkan tí a lè ṣe mọ́. Àgbà tí a bá fún ní iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kì í tún bá a jà. Jẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn ni yóò pe ìpàdé náà.

Ìwé kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ. Ìwé ìkéde òkú kò lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́” ni a máa ń kọ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ bi àwọn tó ṣe ìtọ́jú aláìsàn: níbo ni ó wú, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé e lọ, ṣé wọ́n gé nǹkan kan lára rẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ orí, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ bi í, bóyá ìbò ọdún 1993 ti wáyé kí ó tó kú, ọmọ rẹ̀ wo ló ń lọ sí iléèwé nígbà náà. Kí ẹ sì ṣọ́ra nípa ẹni tó bí ẹni. Nínú agbo ilé olórogún, gbogbo wa ni a ń pe ara wa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá ni àyípadà yìí ti wá, àwọn ọbàkan yín tí ìyá mìíràn bí kò sí lára rẹ̀. Ẹ kọ ọmọ ìyá sọ́tọ̀, ẹ kọ ọbàkan sọ́tọ̀, kí ẹ má baà kó ìpayà bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Ìyá Àṣẹ̀rò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá, mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi, mo ti mọ ẹni tí màá mú dání. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe ní ti ọmọ mi? Ṣé kí ó ṣe àyẹ̀wò kí àwọn àna tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdátán

Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe é mà. Bí ẹ kò bá ní i, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti parí nìyẹn. Bí ẹ bá ní i, ẹ sọ fún un bí ìyá ṣe ń sọ fún ọmọ tó ti dàgbà, kí ó sì fúnra rẹ̀ pinnu ìgbà tí yóò ṣe é. A kì í ṣe àyẹ̀wò yìí fún ọmọ kékeré, nítorí kò sí ìtọ́jú BRCA tó ń bẹ̀rẹ̀ ní èwe. Ní ti ọkọ àfẹ́sọ́nà, ẹnu ọmọ yín ni ó ti yẹ kí ó gbọ́ ọ, kí wọ́n tó ṣe ìdána, kì í ṣe lẹ́nu àlárinà. Kí ó sì sọ èyí mọ́ ọn pé ẹni tó mọ̀ ní ọmọ ọdún 22 ṣì ní àkókò láti bímọ, láti fún ọmọ lọ́mú, láti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní 25, kí ó sì ti pinnu ọ̀rọ̀ ilé ẹyin rẹ̀ kí ewu tó ga.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Ẹ jọ̀wọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú èsì tèmi pé àyípadà wà ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ yọ ọyàn mi.

Nọ́ọ̀sì Àdátán

Rárá o, má ṣe yọ nǹkan kan nítorí irú èsì yẹn. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí pé iye wa tí wọ́n ti yẹ jíìnì rẹ̀ wò kéré sí ti àwọn òyìnbó. Ọ̀pọ̀ irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n padà rí i pé kò léwu. Ìtàn ìdílé rẹ ni dókítà yóò fi pinnu ètò àyẹ̀wò rẹ. Máa padà bi wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ìtumọ̀ ti yí padà.

Aládìrẹ Ìtòkú

Mo ń tajà ní Ìtòkú, mo sì wà lára àwọn tó ń ṣètò ìlanilọ́yẹ̀ fún àwọn obìnrin ọjà. Ọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì sọ gbẹ̀yìn yìí ni ó mú mi kọ̀wé. Ọmọ wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ní UCH Ìbàdàn, ṣe àyẹ̀wò jíìnì fún àwọn obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Nàìjíríà. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Nínú obìnrin mẹ́jọ, bí ẹnì kan ni àìsàn rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ jíìnì tí ó jogún wá. BRCA1 nìkan kó 7 nínú 100. Ìwádìí yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn ìyá lọ́jà, nítorí pé nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa ni wọ́n ti rí i, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé àìsàn òyìnbó ni.

Mo máa ń sọ apá kejì rẹ̀ náà. Méje nínú mẹ́jọ kò jogún irú jíìnì bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí ìran rẹ̀ mọ́ má ṣe rò pé kókó ọyàn kò kan òun. Bí a bá fi jíìnì nìkan dẹ́rù bà wọ́n, wọn yóò sá. Nígbà kan tí àlejò kan wá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwòrán ọyàn tó ti jẹrà bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin dìde lọ síbi ọjà wọn. Láti ìgbà náà, Yorùbá ni a ń sọ, nọ́ọ̀sì obìnrin ni a ń pè, lẹ́yìn tí ọjà bá ti fà sẹ́yìn, a kì í sì í dúró di oṣù October, tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn, nìkan. A máa ń ṣàlàyé ìgbà tó yẹ kí ènìyàn fura sí ìdílé: bí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìhà kan náà nínú ìdílé, ti ìyá tàbí ti bàbá, bá ní jẹjẹrẹ ọyàn, bí ó bá mú ẹnì kan kí ó tó pé 50 ọdún, bí ó bá mú ọyàn méjèèjì, bí ó bá mú ọkùnrin lọ́yàn, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá ní ti ilé ẹyin. Mo tún máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dẹ́kun fífi ẹ̀sùn kan ìyàwó tàbí orogún nígbà tí ìyá àti ọmọ bá kú tẹ̀ lé ara wọn. Mo ti rí ilé tó túká lórí ẹ̀sùn àjẹ́, tí ẹni kẹta sì tún ṣàìsàn kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lọ.

Ìyá Àṣẹ̀rò, bí ara bá tu àbúrò yín, tí òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́, ẹ mú un wá bá wa sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fipá mú un. Ìtàn rẹ̀ ni, òun ni ó ni àṣẹ lórí rẹ̀.

Ìyá Àṣẹ̀rò

Mo ti bi í. Ó ní kí òun parí ìtọ́jú ná, ṣùgbọ́n ó fún mi láṣẹ láti fi ìwé èsì òun han ẹbí. A ti lọ rí bàbá wa. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ obìnrin kan tí n kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi, tí ọyàn ń dùn ún kí ó tó kú. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni yóò pe àwọn ará Ifọ̀ sí ìpàdé ẹbí, mo sì ti gba ọjọ́ láti rí dókítà ní Ìdí-Àbà. Bàbá, ṣé kí n pe àwọn ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà, tàbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà mìíràn?

Bàbá Òkè-Ìjeùn

Pè wọ́n. Àwọn ọkùnrin náà ní ọmọbìnrin. Èyí tó wà ní Èkó tí kò bá lè wá, kí ó wà lórí fóònù. Kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá rẹ yẹn sínú ìwé náà kí o tó gbàgbé, kí o sì bèèrè ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ àti ibi tí wọ́n wà báyìí.